Abúlé Laxton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ọgbà pín oko wọn?

Arábìnrin Nottingham

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé àsìkò yìí. Ìlú Nottingham ni mo ń gbé, ọdún kẹrin mi sì nìyí níbẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì wa ọkọ̀ lọ sí abúlé kan tí ó ń jẹ́ Laxton, nítòsí Tuxford àti Ollerton, nítorí pé àgbàlagbà kan níbi iṣẹ́ mi ti sọ fún mi pé ibẹ̀ ni mo ti lè fojú ara mi rí bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń dáko. Kí n má parọ́, nígbà tí a kọ́kọ́ dé, mo rò pé a ti fi epo ọkọ̀ ṣòfò. Òpópónà kan ni, ilé bíríkì pupa lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, àti ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Dovecote Inn. Ìgbà tí a rìn dé ẹ̀yìn abúlé ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Níbi gbogbo tí mo ti rìn dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún tàbí ògiri òkúta ni ó máa ń wà láàárín oko kan àti òmíràn. Ní Laxton, oko náà tẹ́ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú mi ríran mọ, láìsí ọgbà kankan nínú rẹ̀. Pátákó tí mo kà níbẹ̀ sọ pé oko ńlá mẹ́ta ni ó wà, West Field, Mill Field àti South Field, pé àwọn àgbẹ̀ abúlé náà jọ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà-ìlà, àti pé kóòtù kan tí wọ́n ń pè ní Court Leet ni ó ń ṣe àkóso wọn láti ayébáyé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí abúlé kan ṣoṣo yìí fi ṣẹ́ kù nígbà tí gbogbo ìyókù ti fi ọgbà yí ilẹ̀ wọn ká. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá kóòtù náà ní agbára lóòótọ́, tàbí eré ni wọ́n ń ṣe fún àwa àlejò tó wá wòran. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé eré ni. Èmi kò gbà, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí tí mo lè fi pa á lẹ́nu mọ́.

Akọ̀tàn

Ẹ kú ìrìn o, arábìnrin. Ìbéèrè yín wọ̀ mí lára, nítorí pé ìtàn ilẹ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì, Laxton sì ni olùkọ́ wa máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ títí orúkọ náà fi sú wa.

Abúlé náà ti wà kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Domesday Book, ìwé tí ọba William ní kí wọ́n fi ka gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní 1086, dárúkọ rẹ̀, ó sì sọ pé ọwọ́ Geoffrey Alselin ni ilẹ̀ náà bọ́ sí lẹ́yìn ẹni kan tí ó ń jẹ́ Tochi. Bí ẹ bá rìn dé apá àríwá abúlé, ẹ ó ti rí òkìtì gíga kan tí koríko bò. Ìyókù ilé olódi àwọn ará Normandy nìyẹn. Ìdílé Everingham, tí wọ́n jogún ibẹ̀, ni ó ń jẹ oyè olùṣọ́ igbó ọba ní agbègbè Nottingham àti Derby, ère orí ibojì wọn sì ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Michael tí ẹ rí, tí a fi igi gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Laxton kì í ṣe ibi yẹpẹrẹ nígbà kan rí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Bí wọ́n ṣe ń dáko ní Laxton láyé ọjọ́un ni wọ́n ṣe ń dáko ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta ni oko kan fi ń yípo. Ní ọdún kìíní, wọn a gbin àlìkámà kí òtútù tó mú. Ní ọdún kejì, wọn a gbin ọkà báálì tàbí ẹ̀wà nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún kẹta, ilẹ̀ a sinmi, ẹran a sì máa jẹ̀ lórí rẹ̀. Bí oko kan ti ń sinmi ni méjì yòókù ń so. Nítorí pé olúkúlùkù ní ìlà nínú oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó lè dá gbin ohun tó wù ú ní ìgbà tó wù ú: bí ẹ̀wà rẹ bá ṣì wà lóko lọ́jọ́ tí wọ́n da àgùntàn gbogbo abúlé síbẹ̀, ẹ̀wà rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ jẹ. Ibi tí kóòtù ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí ẹnì kan ní láti sọ ọjọ́ tí oko yóò ṣí àti ọjọ́ tí yóò tì.

Ní 1635, Sir William Courten, oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tí ó ni abúlé náà nígbà yẹn, gba awọnlẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Mark Pierce pé kí ó ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Pierce ya ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ẹni tó ń dá a; ó tún ya àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń túlẹ̀ tí wọ́n sì ń kórè sáàárín àwọn ìlà náà, bí ẹni pé ó fẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn ni ó ni iṣẹ́. Ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford ni àwòrán yẹn wà dòní. (Courten kan náà ni ó náwó sí ìrìn-àjò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tẹ Barbados dó ní 1627, ẹ sì mọ ohun tí erékùṣù yẹn dà fún àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn náà. N kò ní yà síbẹ̀ lónìí.)

Nísinsìnyí, ìdí tí ó fi ṣẹ́ kù. Láàárín 1604 sí 1914, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tí ó lé ní 5,200 láti pín irú ilẹ̀ àjọdá báyìí, kí olúkúlùkù lè gba tirẹ̀ lójú kan kí ó sì fi ọgbà yí i ká. Ilẹ̀ tí àwọn òfin náà kàn ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ England lọ díẹ̀. Laxton pàápàá kò bọ́ pátápátá: oko kẹrin ti wà rí, East Field, tí wọ́n ti pín tí wọ́n sì ti fi ọgbà yí ká. Ohun tí ó gba mẹ́ta tó kù sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìdílé Pierrepont, tí wọ́n wá ń jẹ oyè Earl Manvers láti 1806, ni ó ni apá tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ kéékèèké wà láàárín tiwọn, ìlà kan níhìn-ín, ìlà kan lọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó lè pín in, gbogbo wọn ní láti jókòó, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n sanwó fún amòfin, awọnlẹ̀ àti ẹni tí yóò gbin ọgbà. Ọdún ń gorí ọdún, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Nígbà tí ìdílé ọlọ́lá náà fi máa ra púpọ̀ nínú àwọn ìlà wọ̀nyẹn, owó ọkà ti já wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ná òbítíbitì owó láti kọ́ ilé tuntun fún àwọn àgbẹ̀ sáàárín pápá.

Nítorí náà, lójú tèmi, àwọn ará Laxton kò fẹ́ràn àṣà ju àwọn aládùúgbò wọn lọ. Àìrójú pín in ni ó gbà á là.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n Akọ̀tàn. Oko ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè mi rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí wọn kò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ rẹ̀ lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀? Bí mo bá ní éékà mẹ́wàá tí wọ́n wá fọ́n ọn ká ibi ogún, ìrìn nìkan yóò tán mi lókun kí n tó gbé ọkọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ìṣákọ́lẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ náà ń san, àbí ilẹ̀ ìdílé wọn ni?

Ìyá Ìbejì, Mansfield

Ẹ kú iṣẹ́ oko, àbúrò. Agbègbè yìí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, iṣẹ́ katakata títúnṣe ni ọkọ mi ń ṣe fún àwọn àgbẹ̀, òun ni ó sì jẹ́ kí n mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ilẹ̀ Laxton kì í ṣe irú kan náà. Amọ̀ tó wúwo ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibì kan wà lókè tí omi máa ń tètè gbẹ, ibì kan wà nísàlẹ̀ tí omi ń rogún sí títí oṣù March. Bí wọ́n bá fún ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ nìkan, ọdún tí òjò bá pọ̀ ni ebi yóò wọlé rẹ̀. Fífọ́n tí wọ́n fọ́n ìlà náà ká ni ó jẹ́ kí olúkúlùkù ní díẹ̀ nínú èyí tó dára àti díẹ̀ nínú èyí tí kò dára. Ọ̀rọ̀ ìtúlẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Màlúù púpọ̀ tí a so tẹ̀lé ara wọn ni ó ń fa ohun ìtúlẹ̀ nígbà náà, yíyí wọn padà ní òpin ìlà sì nira, nítorí náà ìlà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí àwọn màlúù tó dé òpin ni wọ́n ti ń darí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà àtijọ́ fi máa ń wọ́ díẹ̀ bí ejò. Ní àwọn ibi tó ti di pápá koríko, ẹ ṣì lè rí ebè àti poro wọn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìrìn tí ẹ ń sọ náà dun àwọn fúnra wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Earl Manvers ní kí wọ́n da àwọn ìlà kéékèèké pọ̀ kí wọ́n lè tóbi, nítorí náà ohun tí arábìnrin wa rí kì í ṣe ìlà 1635 gan-an. Ní ti ìṣákọ́lẹ̀, owó ilẹ̀ ni wọ́n ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ àtọ̀húnrìnwá àti ọmọ onílẹ̀ nínú rẹ̀ bíi tiwa.

Arábìnrin, ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé inú abúlé ni gbogbo ilé àgbẹ̀ wà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí títì, tí àká àti ilé ẹran wà lẹ́yìn? Níbòmíràn ní England, àgbẹ̀ a máa dá gbé láàárín oko rẹ̀, tí aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù yóò wà ní máìlì kan síbẹ̀. Ní Laxton, níwọ̀n bí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ti sí lójú kan, ojú títì ni gbogbo wọn jókòó sí. Ẹni tí kò tíì jáde lóko ní aago mẹ́jọ, gbogbo abúlé ló mọ̀.

Ní ti kóòtù, mo ti bá wọn dé oko lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní Jury Day lẹ́ẹ̀méjì. Ìparí oṣù November ni, nígbà tí àlìkámà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí. Àwọn júrì, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ méjìlá pẹ̀lú olórí wọn, a kó sínú ọkọ̀ ẹ̀yìn katakata, wọn a lọ yẹ oko tí wọ́n gbin àlìkámà sí lọ́dún náà wò láti òpin kan dé òpin kejì. Wọn a wò ó bóyá ẹnì kan ti túlẹ̀ wọ ojú ọ̀nà, bóyá ó ti jẹ ààlà ẹlòmíràn, bóyá ó ti jẹ́ kí kòtò omi dí. Ibi tí ààlà bá ti rú wọn lójú, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì gbá èèkàn mọ́lẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó ń dá a lẹ́jọ́. Wọn a bá a jà lójú oko, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà gbogbo wọn a jọ lọ jẹun ní Dovecote Inn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni kóòtù á jókòó, ní ilé ọtí kan náà. Aṣojú onílẹ̀ ni ó ń darí ìjókòó, wọn a ka ohun tí júrì rí, wọn a bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá jẹ̀bi, wọn a sì yan júrì tuntun tí yóò yẹ oko ọdún tó ń bọ̀ wò. Owó ìtanràn náà kò tó nǹkan. Ìtìjú pé wọ́n ka orúkọ ẹni jáde ni ó wúwo.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní eré ni, ẹ sọ fún un pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ irú àwọn kóòtù àtijọ́ báyìí ní 1977, òfin náà fúnra rẹ̀ dárúkọ Court Leet ti Laxton, ó sì dá a sí.

Olótìítọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a sọ Laxton di Párádísè. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dáadáa, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Domesday Book kan náà tí ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí ka àwọn ẹrú mọ́ ohun ìní orí ilẹ̀ Laxton. Kóòtù onílẹ̀ ni Court Leet láti ilẹ̀ wá, kì í ṣe kóòtù mẹ̀kúnnù. Ti pé àwọn àgbẹ̀ ni ó ń ṣe júrì kò sọ pé àwọn ni ó ni àṣẹ. Ọ̀rọ̀ "abúlé kan ṣoṣo" náà sì nílò àtúnṣe díẹ̀. Ní Braunton, ní Devon, oko ńlá kan wà tí wọ́n ṣì ń dá ní ìlà-ìlà, bẹ́ẹ̀ náà ni ní agbègbè Isle of Axholme ní Lincolnshire. Ohun tí Laxton ní tí àwọn wọ̀nyẹn kò ní ni pé oko, yíyípo ọlọ́dún mẹ́ta àti kóòtù tó ń ṣọ́ wọn wà pọ̀ títí di òní.

Akọ̀tàn

Mo gba àtúnṣe yẹn, Olótìítọ́. Lórí kóòtù nìkan ni n ó ti bá yín jiyàn díẹ̀. Òótọ́ ni pé onílẹ̀ ni ó ni í, ṣùgbọ́n onílẹ̀ kò lè dá mọ ẹni tó jẹ ààlà ẹnì kejì rẹ̀ ní gbọ̀ọ̀rọ̀ kan láàárín oko. Àwọn tí wọ́n ń túlẹ̀ níbẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, agbára tí wọ́n ní kò sí nínú ìwé, inú ìmọ̀ wọn ni ó wà.

Arábìnrin Nottingham

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti fi ìdáhùn Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, kò sì tíì fèsì. Ohun méjì ni ó kù tí mo fẹ́ béèrè. Ta ni onílẹ̀ lónìí, nígbà tí mo gbọ́ pé oyè Earl Manvers ti parẹ́? Mo sì rí àwọn ilẹ̀ koríko tóóró láàárín oko, tí òdòdó kún inú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò túlẹ̀ kàn. Kí ni ìyẹn wà fún?

Akọ̀tàn

Earl kẹfà ni ó jẹ oyè náà kẹ́yìn, kò sì bí ọmọkùnrin tó wà láàyè láti jogún rẹ̀. Kí ó tó kú ní 1955, ó ti ta Laxton fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1952, kí wọ́n lè dáàbò bo ọ̀nà ìdáko náà. Ní 1981, ìjọba gbé e lé ọwọ́ Crown Estate, àjọ tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Adé, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lórúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, àjọ náà kéde pé òun fẹ́ tà á, ọ̀rọ̀ náà sì kó àìbalẹ̀ ọkàn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ẹni tí yóò rà á lè má mọ̀ ju èrè lọ. Ní 2020, àwọn tó ni Thoresby, ilẹ̀ ńlá kan nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n rà á. Àtọmọdọ́mọ Pierrepont ni wọ́n, nítorí náà ilẹ̀ náà padà sí ìdílé tí ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn fún ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nípa Laxton kì í ṣe onílẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìkórè òde òní fẹ̀, ó wọ́n, oko kékeré kò sì lè bọ́ ọ. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ̀yìn tì tí ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ oko, àwọn tó kù ni ó ń pín ìlà rẹ̀. Bí èyí bá ń bá a lọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò wá ẹni méjìlá tí yóò ṣe júrì tì.

Ìyá Ìbejì, Mansfield

Àwọn ilẹ̀ koríko yẹn ni wọ́n ń pè ní sykes. Ibi tí omi ń gbà kọjá tàbí tí ó dagun jù ni wọ́n fi sílẹ̀ láìtúlẹ̀ láti ìgbà láéláé, ìdí nìyẹn tí òdòdó tó ti tán níbòmíràn fi wà níbẹ̀, tí ìjọba sì fi òfin dáàbò bò wọ́n. Gbogbo abúlé ni ó ni koríko náà. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a lù ú ní gbàǹjo. Ẹni tó bá rà á a gé e fún ẹran rẹ̀, owó náà a sì padà sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìjẹko lórí rẹ̀. Iye tó ń kan ẹnì kan lè má ra ju ìgò ọtí díẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọn kì í fi ṣeré.

Bí ẹ bá fẹ́ rí Jury Day fúnra yín, arábìnrin, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, kí ẹ sì wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Bàtà aláwọ̀ tí mo wọ̀ lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, amọ̀ Mill Field ni ó gba ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi.